Bí O Ṣe Lè Ra Kàmó Olówó Gọbọi Kí Pẹ́pẹ́yẹ Lè Tètè Rí Ọ

Bí o bá fẹ́ ra aṣọ kàmó tí wàá fi ṣọdẹ pẹ́pẹ́yẹ nínú oko ìrẹsì tí omi bò, ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ ni pé kí o má wulẹ̀ dé oko náà rárá. Jókòó sórí àga nílé. Ṣí fóònù rẹ. Wo ọkùnrin onírùngbọ̀n tó dúró nínú àwòrán, tó gbé ìbọn kọ́ èjìká, tí ajá dúdú kan jókòó tì í. Ṣé o rí bí ẹ̀wù yẹn ṣe yẹ ẹ́? Bó ṣe máa yẹ ìwọ náà nìyẹn. Bí ẹrẹ̀ oko tí o ń lọ bá dúdú, bó bá pọ́n, èwo ló kàn ọ́ níbẹ̀? Ẹrẹ̀ kọ́ ló máa dúró síwájú dígí, ìwọ ni.

Ìpínlẹ̀ Arkansas ní Amẹ́ríkà ni mò ń sọ, ní agbègbè Grand Prairie níbi tí ìlú Stuttgart wà. Kò sí ìlú tí kò ní oríkì. Stuttgart pe ara rẹ̀ ní olú-ìlú ìrẹsì àti pẹ́pẹ́yẹ fún gbogbo ayé, n kò sì tíì gbọ́ ìlú tó bá a du oyè náà. Láti ọdún 1936 ni wọ́n ti ń díje fèrè pẹ́pẹ́yẹ níbẹ̀: àgbàlagbà tó ní ìyàwó nílé á gun orí pèpéle, á máa ké kúàkúà bí ẹyẹ, wọ́n á sì gbé ẹ̀bùn lé e lọ́wọ́. Nǹkan bí ìdajì ìrẹsì tí Amẹ́ríkà ń kórè, Arkansas ló ti ń wá. Amọ̀ líle kan wà lábẹ́ ilẹ̀ Grand Prairie tí kì í jẹ́ kí omi tètè rì, ohun tó jẹ́ kí ìrẹsì gba ibẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá kórè tán, àgbẹ̀ á tún dí ojú omi pa, òjò á rọ̀ sí i tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ fa omi wọ̀ ọ́, oko á wá di adágún tí kò dé orókún. Ìrẹsì tó jábọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ ìkórè ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ tó ń ti Kánádà bọ̀, tó ń tọ ipa odò Mississippi lójú ọ̀run, á rí gbogbo rẹ̀ látòkè bí ẹni tó já sí òde ìnáwó tí kò sí ẹni tó ń béèrè ìwé ìpè lẹ́nu ọ̀nà.

Òde ìnáwó kì í sì í ṣe láìsí aṣọ ẹbí. Wọ ilé epo èyíkéyìí lágbègbè yẹn ní aago mẹ́rin ìdájí lóṣù Kejìlá, wàá rí i. Gbogbo ọdẹ ti wọ àǹkóò, láti fìlà dé bàtà, wọ́n tò síwájú ẹ̀rọ kọfí. Kàmó lára ọkùnrin, kàmó lára ọmọ rẹ̀, kàmó lára ajá. Ibi tí ọgbọ́n wà nìyẹn: má wá èyí tó bá oko mu, èyí tó bá ẹgbẹ́ mu ni kí o wá. Bí ilé-iṣẹ́ bá sì gbé tuntun jáde, ju ti èṣí nù kíákíá. Ilé-iṣẹ́ Realtree ti ṣe Max-4, wọ́n ṣe Max-5, wọ́n tún ti ṣe Max-7. (Má bi mí léèrè Max-6.) Pẹ́pẹ́yẹ kò mọ̀ pé nọ́ńbà ti yí, àmọ́ àwọn tó wà nílé epo mọ̀.

Nínú gbogbo àwọ̀ tó wà lórí igbá, èyí tí mo fọwọ́ sí fún ọ ni èyí tí wọ́n ya ewé sí, ewé tútù yọ̀yọ̀, pẹ̀lú ẹ̀ka àti èèpo igi. Ọdẹ àgbọ̀nrín tó ń jókòó lórí igi ni wọ́n ṣe é fún. Oko ìrẹsì kò ní igi. Ilẹ̀ tẹ́jú lọ bẹẹrẹ títí ó fi kan ojú ọ̀run, ohun tó ga jù níbẹ̀ ni ebè tí wọ́n fi dá omi dúró, ebè náà kò sì ga ju àga ìdáná lọ. Nítorí náà ìwọ nìkan ni wàá dúró gbagidi láàárín omi, bí igi tó ṣìnà, tí ewé rẹ̀ ṣì tutù nínú oṣù tí gbogbo ewé ti wọ́. Pẹ́pẹ́yẹ tó ti ré ìpínlẹ̀ mélòó kan kọjá kó tó débẹ̀ á yí orí, á ní: ta ló gbin èyí?

Àwọn ẹlẹ́nu kan á wá sọ fún ọ pé kí o fara balẹ̀ wo pòròpórò ìrẹsì kí o tó náwó. Wọ́n á ní bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí gaàrí elépo. Tó bá fi máa di oṣù Kejìlá, òjò á ti pa á, òtútù á ti pa á, á ti ń ṣú. Nínú oṣù Kìíní, àmàlà ni, àmàlà tó ti sùn mọ́jú. Ilẹ̀ tó yí i ká sì jẹ́ ẹrẹ̀ dúdú. Èyí tó pọ̀ jù nínú kàmó tí wọ́n ń tà fún ọdẹ ẹyẹ omi, eésún gbígbẹ ni wọ́n yà sí i, ó mọ́lẹ̀, ó ń fani mọ́ra, gaàrí pátápátá. Ìwọ wọ gaàrí rẹ wọnú àmàlà. Má gbọ́ tiwọn. Bí wọ́n bá tún fi kún un pé aṣọ tó bá rin á ṣú ju bó ṣe wà ní ìsọ̀ lọ, pé kí èèyàn rẹ ìdí ẹ̀wù sínú omi kó tó pinnu, bi wọ́n pé ìsọ̀ wo ló máa gbà kí o gbé korobá omi wọlé.

Má ka ìtàn kàmó pẹ̀lú, torí pé ó lè tú ọ láṣìírí fún ara rẹ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ológun Amẹ́ríkà tó ń lọ jà ní erékùṣù Pacific ń fẹ́ aṣọ tí ọ̀tá kò ní tètè rí. Ẹni tó ya àwọ̀ náà fún wọn kì í ṣe jagunjagun. Norvell Gillespie lorúkọ rẹ̀, ọgbà àti òdòdó niṣẹ́ rẹ̀. Ó ya á tótòtó bí awọ ọ̀pọ̀lọ́. Ogun parí, aṣọ ṣẹ́kù, wọ́n ń tà á ní pọ́ọ́kú, àwọn ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ ló kó o lọ, débi pé títí dòní, kàmó ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n ń pe àwọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ yẹn. Aṣọ tí àwọn baba wọn rà torí pé kò wọ́n ni àwọn ọmọ ń yá owó rà báyìí.

Ọdún 1986 ni ọjà náà wá gbóná. Ní Georgia, Bill Jordan jókòó síwájú igi oak kan ní àgbàlá àwọn òbí rẹ̀, ó ń ya èèpo rẹ̀: ibi tí Realtree ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́dún yẹn kan náà, ní Mississippi, Toxey Haas bu erùpẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan nínú igbó tó ti ń ṣọdẹ, pẹ̀lú ewé àti igi wẹ́wẹ́ tó wà nínú rẹ̀, ó dà á sínú àpò, ó ní bí ilẹ̀ yìí ṣe rí gan-an lòun fẹ́ kí aṣọ òun rí. Mossy Oak nìyẹn. Wò ó dáadáa: ọ̀kan wo igi ilé wọn, èkejì wo ilẹ̀ igbó rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló tẹjú mọ́ ibì kan. Ìwọ ni wọ́n wá ń ta ojú tí wọ́n fi wò ó fún, o sì ti rà á, o kò ní láti wo nǹkan kan mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan rèé tí kì í ṣe àwàdà: bí o bá ń lọ sí Nàìjíríà fún Kérésì, fi kàmó náà sílẹ̀ sí Amẹ́ríkà. Òfin ilé kò gba aráàlú láyè láti wọ aṣọ tó jọ ti ológun, sójà tó bá sì dá ọ dúró ní Ìkẹjà kò ní jókòó gbọ́ àlàyé lórí pẹ́pẹ́yẹ.

Kí o má baà rò pé àgbọ́sọ ni mò ń kọ́ ọ, èmi fúnra mi ti ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan wà tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Little Rock, ọmọ ọdẹ láti Ògbómọ̀ṣọ́, tí àgbẹ̀ kan gbà láyè láti máa ṣọdẹ lóko rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà láti mú mi dání. Mo múra ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ra ẹ̀wù, mo ra fìlà, mo ra ìbọ̀wọ́, mo ra ṣòkòtò rọ́bà tó dé àyà, gbogbo rẹ̀ kàmó, gbogbo rẹ̀ ń rùn bí ìsọ̀. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà oko lóru ọjọ́ náà, Ẹ̀gbọ́n ti wà nídìí ọkọ̀ rẹ̀. Kóòtù kan ló wọ̀, kóòtù tí mi ò mọ àwọ̀ tó ní nígbà tí wọ́n rà á. Ó ti di àwọ̀ ẹrẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i?”

Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí mi láti orí dé ẹsẹ̀.

“Mo rí i, àbúrò. Wàhálà tó wà níbẹ̀ nìyẹn.”

Kò tún sọ nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu ẹrẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì ń fi ra ẹ̀wù mi láti èjìká wálẹ̀, bí ìyá tó ń fi òrí pa ọmọ lára.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ̀wù yìí wọ́n o!”

“Dúró jẹ́ẹ́. Àwọn tó tà á fún ọ kò ṣe é tán ni.”

Ìwọ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe irú èyí fún ọ. Ẹrẹ̀ oko náà fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kò sì ní orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan láyà.

Ibùba tí a wọ̀ jẹ́ àpótí irin gbọọrọ tí wọ́n rì mọ́ inú ebè, tó fi jẹ́ pé orí àti èjìká ẹni ló máa yọ téèyàn bá dìde. Àga pákó wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi pòròpórò ìrẹsì àti koríko ebè bo ẹnu rẹ̀, gbogbo rẹ̀ láti inú oko yẹn kan náà. Níwájú wa, pẹ́pẹ́yẹ oníke bí ọgbọ̀n ń mì lórí omi. Yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti dì sí etí omi, ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nígbàkigbà tí atẹ́gùn bá tì í. Òtútù wọ ìka ẹsẹ̀ mi, ó jókòó síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tẹ́tí. Mi ò gbọ́ nǹkan kan, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ: fìì, fìì, fìì, ìyẹ́ lókè orí, ṣáájú kí ojú tó rí nǹkan kan.

Ó fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta, kò pariwo. Agbo náà lé ní ogún. Wọ́n yí po lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀gbọ́n tẹrí ba, ó ń fi etí tẹ̀ lé wọn. Wọ́n yí po lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n wálẹ̀ débi tí mo fi rí orí àwọn akọ, àwọ̀ ewé tó ń dán bí ìgò bíà, tí mo rí ẹsẹ̀ wọn tó pọ́n bí ọsàn, tí wọ́n ti nà sílẹ̀ láti bà sómi. Mo gbé ojú sókè. Kí n kàn wò wọ́n ni.

Gbogbo agbo náà ta sókè lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tó tẹ ẹ̀yinná. Kí n tó mú ọwọ́ kan ìbọn, wọ́n ti di èékánná lójú ọ̀run.

Ẹ̀gbọ́n yọ fèrè lẹ́nu. “Ojú rẹ nìkan ni kò wọ kàmó,” ló sọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀: “Àti gíláàsì yẹn.”

Ó dára kí o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú wọn, kí o lè ṣe é ju bí mo ṣe ṣe é lọ. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú pẹ́pẹ́yẹ wà, kò sí níwájú bíi tiwa. Láì yí ọrùn, ó ń rí iwájú, ó ń rí ọ̀tún àti òsì, ó ń rí òkè, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gbogbo ẹ̀yìn. Ohun tí ojú ọmọ ènìyàn fi ń mọ àwọ̀ jẹ́ oríṣi mẹ́ta; mẹ́rin ni tirẹ̀. Ìwọ tó ní mẹ́ta lo fẹ́ yan aṣọ tí wàá fi tan ẹni tó ní mẹ́rin. Ẹyẹ náà kò sì dìídì wá ewé tàbí eésún lára rẹ. Ohun tó ń mira ló ń wò, àti ohun tó ń dán, àti òjìji tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ojú ènìyàn tó gbé sókè, ì báà dúdú, ì báà funfun, àwo ni lójú wọn, àwo tó ń yí tẹ̀ lé wọn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wọ kóòtù ẹlẹ́rẹ̀, tó jókòó sínú òjìji, tó tẹrí ba, kò sí lóko. Ìwọ tó wọ àwọ̀ tó bá oko mu dọ́gbadọ́gba ṣùgbọ́n tó ń na ọrùn, o ti fi tẹlifóònù pè wọ́n pé o wà níbẹ̀.

Nítorí náà, na ọrùn. Yọ ìbòjú, ó ń gbóná. Fi aago tó ń kọ mànà sọ́wọ́. Wo fóònù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nínú òkùnkùn, kí iná rẹ̀ mọ́ ọ lójú dáadáa. Dúró síhà tí oòrùn ti ń ràn sí ọ níwájú. Kí o tó lọ, fi ọṣẹ ìfọṣọ tó ń mú funfun tàn yòò fọ ẹ̀wù rẹ. Nǹkan kan wà nínú irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò rí di dídán aláwọ̀ búlúù, iṣẹ́ tí àwọn ìyá wa ń fi búlúù ṣe fún aṣọ Ìsinmi. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ibẹ̀ ń sá fún un bí ẹni tó ń sá fún ejò. Ìwọ ńkọ́, ṣé wàá lọ sóde pẹ̀lú aṣọ tí kò mọ́ ni?

Ní ti ibùba, ra koríko oníke tó ń bọ̀ láti ilé-iṣẹ́, èyí tó tutù bí ẹ̀fọ́ ṣọkọ. Gígé pòròpórò nínú oko tí o wà gan-an máa ń ba ìbọ̀wọ́ jẹ́.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ nípa Texas náà, kí o lè bẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Ní àwọn oko ìrẹsì tó wà níwọ̀ oòrùn Houston, ẹyẹ tí wọ́n ń ṣọ́ jù ni snow goose, ẹ̀gbọ́n pẹ́pẹ́yẹ tó funfun bí òwú, tó ń rìn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àwọn ọdẹ ibẹ̀ láyé ọjọ́un kò ní owó tí wọ́n á fi ra ẹyẹ oníke tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, wọ́n tẹ́ ìtẹ́dìí ọmọ, wọ́n tẹ́ àkísà funfun kiri oko. Àwọn fúnra wọn wá wọ ẹ̀wù funfun, wọ́n dùbúlẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ láàárín àkísà, ẹyẹ látòkè á sì rò pé mọ̀lẹ́bí òun ló ń jẹun. Aṣọ funfun báláú, láàárín oko dúdú, òun ni kàmó tó ṣiṣẹ́. Má dán an wò o. Wọ́n á bi ọ́ pé ìjọ Kérúbù wo lo wà.

Òfin kò ní kí o wọ kàmó lọ ṣọdẹ pẹ́pẹ́yẹ, àmọ́ àwọn nǹkan tó ní kí o ṣe wà, gbàgbé wọn kí o lè ráyè ronú lórí fìlà. Gbàgbé sítáǹbù pẹ́pẹ́yẹ tí ìjọba àpapọ̀ ń tà. Dọ́là kan ni wọ́n ń tà á nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1934, dọ́là 25 ni báyìí, ó dín gan-an sí owó ìbọ̀wọ́ rẹ. Gbàgbé pé ìbọn rẹ kò gbọdọ̀ gba ju ọta mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan. Gbàgbé pé láti 1991 ni wọ́n ti fòfin de ọta òjé fún ẹyẹ omi ní gbogbo Amẹ́ríkà, torí pé pẹ́pẹ́yẹ tó ń ṣa ìrẹsì nínú ẹrẹ̀ ń gbé òjé náà mì pẹ̀lú rẹ̀, ó ń jókòó sínú iwe rẹ̀, ó ń pa á díẹ̀díẹ̀. Bí ìrẹsì tó jábọ́ nígbà ìkórè bá kéré lójú rẹ, ru àpò kan wá láti ọjà kí o dà á sómi. Ìyẹn gan-an lòfin pè ní ẹ̀ṣẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ ẹran ìgbẹ́ á dúró lókè ebè, kò ní wọ nǹkan kan tó jọ eésún, á sì rí ọ láti ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ wà. Ojú oríṣi mẹ́ta péré ni tirẹ̀ o.

Ẹ̀gbọ́n pa mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò pa èyíkéyìí nínú wọn títí mo fi wọ ìsàlẹ̀ ibùba, tí mo jókòó sórí korobá, tí mo fi aṣọ inura bo orí. Nígbà tí a ń padà, ó gbé ọ̀kan fún mi, ó ní kí n mú un lọ fún ìyàwó mi, kí n má wulẹ̀ ṣàlàyé nǹkan kan. Ìyàwó mi wo ẹyẹ, ó wo ẹ̀wù, ó ní èwo nínú àwọn méjèèjì ló gba owó ilé náà.

Ẹ̀wù ọ̀hún ṣì wà. Ó kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ìdáná, àwọn àlejò ń kí i. Bí ìwọ̀n rẹ bá jẹ́ XL, mo ń tà á, pẹ̀lú fìlà àti ìbọ̀wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo wọ̀ ọ́. Mo ti fọ ẹrẹ̀ Ẹ̀gbọ́n kúrò lára rẹ̀, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń tàn yòò.